Chromium, Kenkey àti Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀

Mi ò ní pẹ́ lórí ìtumọ̀. Bí a bá jẹun, ṣúgà á gòkè nínú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlínì ló ń jẹ́ kí ara gbà á. Magnesium, zinc àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ni èròjà inú oúnjẹ tó ń ràn án lọ́wọ́; ìwọ̀nba díẹ̀ ni ara ń fẹ́ nínú wọn. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Chromium ni ọ̀rọ̀ mi, nítorí òun ni wọ́n ń tà kiri fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Ní 1959, Klaus Schwarz àti Walter Mertz ní Amẹ́ríkà kéde pé ó wà lára ohun tó ń jẹ́ kí eku kápá ṣúgà. Nígbà tó di 1968, àwọn olùwádìí Hopkins, Majaj àti Olikoye Ransome-Kuti tiwa, ẹni tó padà di mínísítà ìlera Nàìjíríà, tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ ọwọ́ Jọ́dánì àti Nàìjíríà tí kò rí oúnjẹ gidi jẹ. Máíkírógíráàmù 250 chromium péré ni wọ́n fún wọn. Kò pẹ́ rárá, ṣúgà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà sí wọn lára ń tètè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má gbàgbé pé láti Accra yìí ni ayé ti gbọ́ orúkọ ọ̀kan nínú irú àìsàn àìjẹunrekánú bẹ́ẹ̀: Cicely Williams, dókítà àwọn ọmọdé níbí, ló gbé kwashiorkor, orúkọ tí àwọn Gà ń pè é, sínú ìwé ìṣègùn Lancet ní 1935.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a ti ń jà sí ọ̀rọ̀ chromium yìí láti ìgbà èwe wa. Ó ní Ransome-Kuti ti parí ẹjọ́: chromium ń wo àtọ̀gbẹ. Mo ní rárá o! Ọmọ tó jọ pé chromium ti tán lára rẹ̀ ni wọ́n wò. Ní Íjíbítì, lọ́dún 1968 yẹn kan náà, wọ́n fún àwọn ọmọ mìíràn, kò sì yí nǹkan kan padà. Bí o bá fún ẹni tí tirẹ̀ pé, omi lo ń bù sínú ìkòkò tó ti kún. Àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù tilẹ̀ sọ ní 2014 pé àwọn ò rí ẹ̀rí tó dájú pé ara nílò rẹ̀. Ní tèmi, wọ́n ti le jù. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kì í ṣe àlá.

Ṣùgbọ́n kí ènìyàn gbé owó metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, lọ ra ike chromium, ẹ má bínú, àìgbọ́n ni. Ìwádìí Amoah àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Accra, 2002, rí àtọ̀gbẹ lára bí 6.3% àwọn àgbàlagbà; èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò mọ̀ pé àwọn ní in. Ẹ ò lọ yẹ ara yín wò, ike lẹ̀ ń rà.

Magnesium wàyí. Láìsí i, àṣẹ tí ínsúlínì pa kì í délé. Ara eèpo àti ọmọ inú àgbàdo ló pọ̀ sí. Bí àwa Yorùbá bá sẹ́ ògì, a máa ń da eèrí fún ẹran. Àwọn Gà kì í sẹ́ ti kenkey, oúnjẹ àgbàdo wọn, torí náà magnesium rẹ̀ kì í sọnù bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé kenkey kì í gbé ṣúgà sókè o! Ẹ jẹ ìdajì, kí ẹja àti ata pọ̀.

Zinc: átọ́ọ̀mù rẹ̀ méjì ló ń so ínsúlínì mẹ́fà pọ̀ nínú àpò tí ara ń kó o pamọ́ sí.

Mo rí ọwọ́ yín, Alága; àkókò ti ń tán. Potassium: ẹni tó ń lo oògùn ìfúnpá tó ń mú ni tọ̀, kí ó ní kí dókítà wọn tirẹ̀ wò, torí oògùn náà lè mú un lọ sílẹ̀, bó bá sì lọ sílẹ̀, ínsúlínì kì í jáde tó. Calcium, ẹ fi bi mí nígbà ìbéèrè.