ỌJỌ́ KÒ JẸ̀BI: Ẹ̀KỌ́ INÚ ÒJÒ ỌJỌ́ 26, OṢÙ KẸJỌ, ỌDÚN 2011

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ẹni tí ó ń sọ òjò kalẹ̀ láti sánmọ̀ ní ìwọ̀n. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ará mi nínú Ìsìláàmù, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí a jọ ń gbé Ekpan níbí, ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ìtàn ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tí í ṣe ọjọ́ 26 Ramadan ọdún 1432 nínú òǹkà Hijira, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn aláàwẹ̀ ń palẹ̀ ìṣínu mọ́. Omi tí wọ́n wọ̀n ní ibùdó IITA láàárín wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú díẹ̀ jẹ́ mílímítà 187.5, bí ìdá kan nínú méje òjò tí Ìbàdàn ń rí ní odidi ọdún. Omi bo ìsédò Ẹlẹ́yẹlé tí a kọ́ ní 1942 mọ́lẹ̀, ó wó afárá, ó gbé ilé lọ. Ẹ̀mí tí ó ṣòfò ju 100 lọ. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an sì ni òru kẹtàdínlọ́gbọ̀n, tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń wá Lailatul-Qadri.

Ẹnìkan lè bèèrè pé: irú òru bẹ́ẹ̀ kẹ̀? Ẹlòmíràn lè wí pé oṣù Kẹjọ ni kò bá Ìbàdàn lára mu, nítorí pé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa kún, tí ó gba ẹ̀mí tí ó ju 200 lọ.

Ẹ jẹ́ kí a dá a lóhùn láti inú ẹ̀sìn wa. Ní ọjọ́ tí Ibrahim, ọmọ Ànábì, jáde láyé, oòrùn ṣókùnkùn. Àwọn ènìyàn ní ikú ọmọ náà ni ó fà á. Ànábì kọ̀ fún wọn. Ó kọ́ wọn pé àmì Ọlọ́hun ni oòrùn àti òṣùpá, wọn kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìyè ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀fọ̀ Ànábì kò bá sọ ọjọ́ di olóríburúkú, kí ni yóò sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀?

Ẹ má sì ṣe sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tí omi gbé lọ ni ó pa wọ́n. Òjò kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni ejí bá rí ni ejí ń pa. Ànábì ka mùmíní tí ó kú sínú omi mọ́ àwọn ṣàhíìdì. Àdúà ni a jẹ wọ́n, a kò jẹ wọ́n ní ẹ̀sùn.

Òjò ti Ọlọ́hun ni, ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́lé sí ojú odò? Ta ni ó da ìdọ̀tí dí ojú àgbàrá? Àlùkùráánì fi yé wa nínú Suratu Rum pé ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe ni ó ń mú ìbàjẹ́ hàn lórí ilẹ̀ àti nínú omi.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Ní 2012, nígbà tí omi ya bo Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ Delta wà lára àwọn tí ó fara gbá jù. Jákèjádò orílẹ̀-èdè, ènìyàn 363 kú, iye tí ó ju mílíọ̀nù méjì lọ sì fi ilé wọn sílẹ̀. Ilẹ̀ wa tẹ́jú, òjò wa sì pọ̀ ju ti Ìbàdàn lọ. Síbẹ̀, lẹ́yìn ìṣínu, ibo ni ọ̀rá omi àti ike oúnjẹ wa ń lọ? Inú gọ́tà ni. Mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà jẹ́ ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Ẹni tí ó bá ń dí ọ̀nà omi, kí ni ó ń ṣe sí ìgbàgbọ́ rẹ̀?

Nítorí náà, kí ọdún ìtúnu tó dé, kí olúkúlùkù kó gọ́tà iwájú ilé rẹ̀. Bí òjò bá pọ̀ lápọ̀jù, ẹ ṣe bí Ànábì ti ṣe ní Mẹ̀dínà, tí ó bẹ Ọlọ́hun pé kí òjò yí ìlú ká, kí ó má ṣe rọ̀ lé wọn lórí. Iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú àdúà ni ọ̀nà ẹ̀sìn wa.

Kí Ọlọ́hun forí jin àwọn tí ó lọ, kí Ó sọ òjò wa di òjò ìbùkún. Àmín.