Ta Ló Ń Díyelé Iṣẹ́ Obìnrin?



Dagenham ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé lónìí, ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Òkudù ọdún 1968, obìnrin 187 tó ń rán ìbòrí ìjókòó mọ́tò ní ilé iṣẹ́ Ford daṣẹ́ sílẹ̀. Owó tó kéré nìkan kọ́ ló bí wọn nínú. Ilé iṣẹ́ pín òṣìṣẹ́ sí ìpele, ó sì kó àwọn obìnrin yìí sí ìpele B, láàárín àwọn tí wọ́n kà sí aláìmọṣẹ́. Nínú ìpele yẹn gan-an, tí ọkùnrin bá gba 100, 85 ni tiwọn.

Aláìmọṣẹ́ kẹ̀? Ẹni tó bá ti jókòó sídìí máṣíìnì rí mọ̀ pé ọwọ́ tí kò kọ́ṣẹ́ kò lè rán aṣọ líle kó gún. Nílé wa níbí, ọdún gbọọrọ ni ọmọ ń lò lọ́dọ̀ ọ̀gá télọ̀ kó tó ṣe fírídọ́ọ̀mù.

Nígbà tí kò sí ìbòrí ìjókòó mọ́, mọ́tò kò lè jáde mọ́. Barbara Castle, mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, pe àwọn obìnrin náà jókòó, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lórí 92 nínú 100. Òfin owó ọgbọọgba tẹ̀ lé e ní 1970. Ṣùgbọ́n ìpele B ni wọ́n ṣì wà. Ó di 1984, lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì mìíràn, kí wọ́n tó gbà pé oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Àwọn kan á ní kò sí wàhálà nílẹ̀ wa, torí pé tọkùnrin tobìnrin tó bá wà ní ìpele kan náà nínú iṣẹ́ ọba, owó kan náà ni wọ́n ń gbà. Abala 17 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 pẹ̀lú sọ pé owó iṣẹ́ kan náà gbọ́dọ̀ dọ́gba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Orí Kejì ló wà, èyí tí abala 6 kò jẹ́ kí ilé ẹjọ́ lè fipá múni tẹ̀ lé. Àdéhùn àgbáyé kan lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 1974 kọjá ìyẹn: iṣẹ́ tí iyì wọn bá dọ́gba ni ó ní kí owó wọn dọ́gba, ì báà má jọra.

Ta ló wá ń wọn iyì náà? A ti gbà pé ìtọ́jú, sísè àti gbígbálẹ̀ bá obìnrin wáyé ni, nítorí náà a kì í kà wọ́n sí ìmọ̀. Ẹni tó ń gbé arúgbó aláìlèdìde, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un lóògùn lásìkò, ṣé ẹ̀mí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kéré sí mọ́tò tó wà lọ́wọ́ dírẹ́bà ni? Ní Birmingham, àwọn obìnrin tó ń se oúnjẹ, tó ń gbálẹ̀, tó ń tọ́jú aláìlera fi iṣẹ́ wọn wé ti àwọn ọkùnrin tó ń kó pàǹtí. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ tiwọn ní 2012, owó tí ìjọba ìbílẹ̀ tó gbà wọ́n síṣẹ́ ti san lórí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ sì ju bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, bí ẹ bá tún jókòó pẹ̀lú agbanisíṣẹ́, ẹ má tíì dárúkọ iye. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé tí wọ́n fi pín iṣẹ́ sí ìpele, kí obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ náà sì jókòó tì yín nígbà tí ẹ bá ń kà á.