Kànga àti Sókàwéè Nínú Àgbàlá Kan

  Ọ̀rọ̀ tí a mú bọ̀ lónìí kì í ṣe èyí tí à ń sọ nídìí oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni, àti omi mímu.

A mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ni ń fi owó ránṣẹ́ kọ́lé sí Lọ́kọ́ja. Láti ìgbà tí ìlú yìí ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogi ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, ilé ń hù bí olú ní Felele, Ganaja, Adankolo àti Lokongoma. Omi ẹ̀rọ ìjọba kò bá wọn dé gbogbo ibi tí wọ́n dé. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ́lé a gbẹ́ kànga tàbí bọhóòlù, a sì gbẹ́ sókàwéè. Ẹ ń béèrè irú páànù tí wọ́n kàn, ẹ ń béèrè irú ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣe. Ẹni tí ń béèrè bí kànga ti jìnnà sí sókàwéè tó kò pọ̀.

Ohun tí gbogbo wa ń pè ní sókàwéè, nǹkan méjì ni. Èkínní ni tánkì tí a fi búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré mọ, tí a sì rẹ́ nínú kí ó má baà jò. Ibẹ̀ ni ìgbẹ́ ń dé láti inú ilé. Èyí tó wúwo yóò rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ọ̀rá yóò léfòó, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí kò nílò afẹ́fẹ́ yóò sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Omi àárín nìkan ló yẹ kó ṣàn lọ sínú èkejì, ìyẹn kòtò tí ń fa omi sínú ilẹ̀, tí òun gan-an ni orúkọ náà. Ilẹ̀ abẹ́ kòtò yìí ni yóò sẹ́ omi náà bí asẹ́ ṣe ń sẹ́ ògì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbẹ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ìdí kòtò bá ti kan omi, asẹ́ ti já. Mítà kan ààbọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ, ó kéré tán, ni ó yẹ kó wà láàárín ìdí kòtò àti omi abẹ́ ilẹ̀, àní ní ìgbà òjò pàápàá.

Lọ́kọ́ja kò rọrùn fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé ni a wà. Ní apá odò, omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìn, ó sì tún ń gòkè nígbà tí odò bá kún ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Kòtò tí wọ́n gbẹ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó gbẹ táútáú, lè rì sínú omi kí ọdún tó parí. Níbi tí àpáta bá sì ti súnmọ́ ojú ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkè Patti, ìṣòro mìíràn ni: àpáta kì í fa omi, bí ó bá sì ní ojú sísán, ìdọ̀tí á gba ibẹ̀ lọ jìnnà láìsí ohun tó sẹ́ ẹ.

Àwọn onílé kan máa ń fọ́nnu fún wa pé sókàwéè àwọn kò kún rí láti ogún ọdún. Àwọn tí ń gbẹ́ ẹ pàápàá ń fi í polówó iṣẹ́: àwọn yóò gbẹ́ ẹ kan omi, kò sì ní kún láéláé. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni ohun tí ń wọ inú rẹ̀ lójoojúmọ́ ń gbà lọ? Tánkì tó dára gbọ́dọ̀ kún. Ní ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, nígbà tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ bá ti gba ìdá kan nínú mẹ́ta tánkì, ọkọ̀ tí ń fa ìgbẹ́ ni à ń pè. Ẹ má ṣe da kẹrosíìnì, Izal tàbí epo ọkọ̀ sí i, nítorí wọn yóò pa àwọn kòkòrò tí ń bá yín ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì wọ inú rẹ̀: gáàsì ibẹ̀ ń pa ènìyàn, ó sì ń pa ẹni tó bá sáré wọlé láti yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ jíjìnnà ló wá le jù. 30 mítà ni òṣùwọ̀n tí a mọ̀ láàárín kànga àti sókàwéè. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 100. Pulọ́ọ̀tì kan tí wọ́n ń tà fún wa sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú, 100 ní gígùn. Ẹni tó bá fi kànga sí igun iwájú yóò gbé sókàwéè lọ sí ìdí ògiri ẹ̀yìn, yóò sì rò pé òun ti ṣe é bó ti yẹ. Lẹ́yìn ògiri náà ni aládùúgbò gbẹ́ kànga tirẹ̀ sí. Fẹ́ǹsì kì í dé abẹ́ ilẹ̀. Sókàwéè tí ẹ gbé jìnnà sí kànga tiyín ni ẹ gbé súnmọ́ kànga ẹlòmíràn. Ojú tiwa ni pé kò sí ẹni tó lè dá yanjú èyí lórí pulọ́ọ̀tì tirẹ̀. Kí onílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin dá owó jọ, kí wọ́n gbẹ́ bọhóòlù kan ṣoṣo tó jìn, tí a dí ẹnu rẹ̀ dáadáa, sí apá òkè, kí gbogbo sókàwéè sì wà ní apá ìsàlẹ̀. Owó rẹ̀ yóò kéré ju kí olúkúlùkù gbẹ́ tirẹ̀ lọ.

Ní àdúgbò Soho ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1854, àrùn onígbáméjì pa ènìyàn tó ju 600 lọ. Dókítà John Snow ní omi kànga Broad Street ló fà á. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan níbẹ̀, Henry Whitehead, kò gbà. Ó ń lọ láti ilé dé ilé kí ó lè já a nírọ́. Òun náà ló wá rí ìyá tó ń da omi tó fi fọ aṣọ ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn sínú kòtò ìdọ̀tí ilé wọn. Nígbà tí wọ́n hú ibẹ̀, ògiri kòtò ti jẹrà, àárín rẹ̀ àti kànga kò sì pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ní Nàìjíríà tiwa, ní ọdún 2021, àrùn kan náà pa ju 3,600 ènìyàn lọ.

Ẹnìkan yóò wí pé, a máa ń se omi wa. Ó dára, sísè ń pa kòkòrò àrùn. Ṣùgbọ́n èròjà kan ń ti inú ìgbẹ́ àti ìtọ̀ wọ inú kànga, tí wọ́n ń pè ní náítíréètì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, sísè kò sì lé e lọ. Ńṣe ló ń ki sí i bí omi ti ń fà. Ọmọ ọwọ́ tí kò tí ì pé oṣù mẹ́fà, tí a fi irú omi bẹ́ẹ̀ po mílíìkì fún, ló ń bá jà jù: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara, ètè rẹ̀ yóò sì dúdú bí aró. Ilé àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ bí ó bá wà nínú omi yín.

Ẹ rántí ìkún-omi ọdún 2012 àti ti 2022. Omi tó gé ọ̀nà Àbújá ní 2022 bo kànga àti sókàwéè pọ̀. Bí irú rẹ̀ bá tún dé, kí ẹnikẹ́ni má mu omi kànga náà títí a ó fi gbọ́n ọn, tí a ó fi kiloríìnì sí i, tí a ó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má sì yára fa tánkì gbẹ nígbà tí ilẹ̀ ṣì kún fún omi. Tánkì òfìfo lè léfòó, ògiri rẹ̀ sì lè wó sínú.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́nà jíjìn, kí ẹ tó fi owó ìpìlẹ̀ ránṣẹ́, ẹ ní kí ẹni tí ń bójú tó iṣẹ́ fi okùn òṣùwọ̀n wọn ilẹ̀ náà, kí ó sì ya ibi tí kànga àwọn aládùúgbò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà sórí ìwé. Kí ìwé náà wà lọ́wọ́ ẹni tí ń gbé inú ilé, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n fa tánkì kẹ́yìn.