Ẹ má yọ chip yẹn o

Ẹni tó bá ń gbọ́ wa nínú dánfó, ẹ kú ìfaradà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lórí fóònù, bí mo ṣe sọ ọ́ ni wọ́n ṣe kọ ọ́, ẹ má bínú sí ẹnu mi.

Ọ̀kan nínú yín fi ohùn ránṣẹ́. Ó ní, “Bọ̀dá, mo ti jó chip mọ́ bọ́ọ̀dù tán kí n tó rí i pé kóòdù mi ní àṣìṣe. Ṣé kí n yọ ọ́?” Rárá o! Má yọ ọ́. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ìyá onílé wa ní Ìbàdàn ló ní kí n bá òun wá nǹkan ṣe sí pọ́ǹpù omi. Àwọn ayálégbé á tàn án, wọ́n á gbàgbé, táńkì á kún, omi á máa dà sílẹ̀, owó iná á sì máa lọ. Mo ní, “Màmá, ẹ fi sílẹ̀ fún mi.” Mo ṣe bọ́ọ̀dù kékeré kan. Microcontroller tí mo lò ni ATmega328P, irú èyí tó wà lórí Arduino Uno, àmọ́ èyí tó pẹlẹbẹ ni mo rà, tó ní ẹsẹ̀ 32, mẹ́jọ-mẹ́jọ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́lẹ̀, mo gbé bọ́ọ̀dù kọ́ ògiri. Màmá gbàdúrà fún mi títí.

Ọjọ́ kẹta, wọ́n pè mí. “Ọmọ mi, nǹkan rẹ yìí ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn, ó ń kú, bí iná NEPA.” Mo gun òkè lọ wò ó. Táńkì ti fẹ́ẹ̀ kún, omi tó ń já wọlé ń ru ojú omi sókè, ohun tó ń léfòó tó máa ń sọ fún chip pé omi ti kún wá ń lọ sókè sódò. Gbogbo ìgbà tó bá mì, chip á gbà á gbọ́. Ìlà mẹ́ta péré ni àtúnṣe rẹ̀ nínú kóòdù: kó dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún kó tó gbà pé omi kún tàbí pé ó gbẹ.

Ìlà mẹ́ta. Chip sì ti wà lórí bọ́ọ̀dù.

Bọ̀dá kan tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò ní, “Àbúrò, gbé e wá, kí n fi afẹ́fẹ́ gbígbóná ṣí i.” Wọ́n mọṣẹ́ o, mi ò bú wọn. Àmọ́ ooru yẹn lè ṣí bàbà tín-ín-rín tí ẹsẹ̀ chip jókòó lé kúrò lára bọ́ọ̀dù. Tí bàbà bá ti ká, ẹ̀ẹ́ máa fi wáyà bíi irun orí lẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti ba bọ́ọ̀dù méjì jẹ́ báyẹn rí.

Àwọn tó ṣe chip yìí mọ̀ pé a máa ṣàṣìṣe. Inú rẹ̀ ṣeé pa rẹ́ kí a sì tún un kọ ní ìgbà 10,000, wáyà mẹ́fà ló sì nílò. Méjì jẹ́ ti iná, VCC àti GND. Ìkẹta ni RESET. Mẹ́ta tó kù: MOSI ni ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé, MISO ni ìdáhùn ń gbà jáde, SCK ló ń lu ìlù tí àwọn méjèèjì ń tẹ̀ lé. Tí a bá fa RESET mọ́ GND, chip á pa iṣẹ́ tó ń ṣe tì, á wá dẹtí sí àwọn wáyà yẹn. Ẹ bi í pé ta ni, ATmega328P á dáhùn pé 1E 95 0F. Tó bá jẹ́ 00 00 00 tàbí FF FF FF lẹ rí, ẹ má tíì bú chip, wáyà yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ ò ní láti ra ẹ̀rọ kankan tí ẹ bá ti ní Uno kan nílé. Ẹ kó ArduinoISP sínú rẹ̀, ó wà nínú àwọn àpẹẹrẹ tó bá Arduino IDE wá. Ẹsẹ̀ 10 lọ sí RESET, 11 sí MOSI, 12 sí MISO, 13 sí SCK. Ẹ fi kapásítọ̀ 10 µF sáàárín RESET àti GND ti Uno yẹn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí laptop bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, “Upload Using Programmer” ni kí ẹ tẹ̀, kì í ṣe Upload tí ojú yín ti mọ̀.

Ohun kan tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú: chip tuntun láti ilé-iṣẹ́ ń sáré ní 1 MHz péré, SCK sì gbọ́dọ̀ kéré sí ìdá mẹ́rin eré yẹn. Ẹni tó bá ń lo USBasp ní 375 kHz á rò pé chip ti kú. Ẹ dín eré kù ni.

Ó dáa, ẹ wá gbọ́ ìwà òmùgọ̀ mi. Mi ò fi ihò kankan sílẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù náà, nítorí náà mo jó wáyà tín-ín-rín mọ́ ẹsẹ̀ 15, 16, 17 àti 29 lára chip fúnra rẹ̀. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo tẹ bọ́tìnnì. Ní kíá, relay bẹ̀rẹ̀ sí í ta kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́, pọ́ǹpù inú kànga ń jí, ó ń kú. Màmá pariwo látinú ilé: “Ta ló ń fi pọ́ǹpù mi ṣeré?”

Ẹ mọ ohun tó fà á? Ẹsẹ̀ 17, ìyẹn SCK, ni mo so relay mọ́ nígbà tí mo ń yàwòrán bọ́ọ̀dù. Ìlù tí kóòdù fi ń wọlé ni relay gbọ́, tó ń jó sí. Èmi náà ò yọ bọ́ọ̀dù kúrò lára iná ilé. Mo fa wáyà yọ, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo tún un ṣe nígbà tí mo yọ iná ilé kúrò pátápátá, tí 5V Uno nìkan ń bọ́ chip. Relay mi, 12V ló ń jẹ, kò lè mira.

Jọ̀wọ́, ibi yìí ni kí ẹ ti fetí sílẹ̀ dáadáa. Bọ́ọ̀dù tèmi ní transformer. Àwọn bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú kan kò ní, kapásítọ̀ ni wọ́n fi ń dín 220V kù, GND wọn sì so mọ́ iná ilé tààrà. Tí ẹ bá fi wáyà laptop kan irú GND yẹn nígbà tí iná ń bẹ lára rẹ̀, laptop lè jóná, ìwọ alára sì lè kú. Mi ò ṣàwàdà. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná ná.

Àti bọ́ọ̀dù tó ń lo 3.3V, ẹ má fi 5V bọ́ ọ. SD card tó wà lórí rẹ̀ kò ní dárí jì yín.

Ó ku fuse. Kì í ṣe èyí tó ń jó nílé o, ètò inú chip ni. RSTDISBL wà níbẹ̀, ó ń sọ RESET di ẹsẹ̀ lásán. Tí ẹ bá tàn án, wáyà mẹ́fà ò ní wúlò mọ́, 12V lórí RESET àti ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ mìíràn ló lè gbà á là, ìyẹn ò sì ṣeé ṣe lórí bọ́ọ̀dù bọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ pé crystal lẹ yàn, tí kò sì sí crystal níbẹ̀, ìyẹn rọrùn díẹ̀: ẹ fún un ní ìlù láti ìta ní ẹsẹ̀ XTAL1, á tún sọ̀rọ̀.

Bọ́ọ̀dù kejì tí mo ṣe fún ilé ẹ̀yìn, ihò mẹ́fà wà létí rẹ̀, mẹ́ta lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀, mo kọ orúkọ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Relay ti kó lọ sí ẹsẹ̀ 2. Ọmọ Màmá tó kẹ́yìn ló kó kóòdù tuntun sínú rẹ̀ lóṣù tó kọjá, èmi ò tilẹ̀ sí nílé.

Ẹni tó fi ohùn ránṣẹ́, ya fọ́tò bọ́ọ̀dù rẹ wá, ká jọ wá ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.