Ẹ Pàtẹ Kí Ẹ Tó Kọ́ Ìsọ̀

Ọ̀rọ̀ òwò ni mo mú wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òwò tí a ń fi orí rù kiri. Òwò orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń rò lọ́kàn tí wọn kò sì bẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n ní, "Èmi kò mọ bí a ti í kọ ètò kọ̀ǹpútà."

Ẹ jẹ́ kí a fi Ilé-Ogbó ṣe àpẹẹrẹ, ìlú tí ó jẹ́ ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Ayédire ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí kò jìnnà sí Ìwó. Ká sọ pé ọ̀dọ́bìnrin kan wà níbẹ̀ tí ó ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n wà ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Àbújá ń wá epo pupa tí kò ní àbùlà. Epo sì wà nílé. Ó wá rò ó pé òun yóò ṣí ìsọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ẹnì kan sọ fún un pé kí ó kọ́kọ́ mú owó ńlá wá, kí òun bá a kọ wẹ́bsáìtì. Ìyá rẹ̀ ní owó àjọ tí ó fẹ́ kó ní oṣù tí ń bọ̀. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ nìyí: ṣé kí ìyá kó owó náà sílẹ̀? Ìdáhùn tèmi ni pé, rárá, kò tíì yá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Àwọn àgbà sọ fún wa pé láyé owó ẹyọ, àwọn baba wa a máa pàtẹ sí ẹ̀bá ọ̀nà oko, wọn a sì kó òkúta wẹẹrẹ ti ọjà náà. Iye òkúta ni ó ń sọ iye owó. Olówò kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà yóò ka owó ẹyọ sílẹ̀, yóò sì gbé ọjà lọ. Ẹ wò ó dáradára. Ọjà wà níbẹ̀, iye rẹ̀ wà níbẹ̀, ibi tí a ń san owó sí wà níbẹ̀, ìgbẹ́kẹ̀lé sì wà níbẹ̀. Ohun mẹ́rin yìí náà ni ìdí òwò orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀bá ọ̀nà lásán ni wẹ́bsáìtì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn ìyá wa tí wọ́n ń ṣe alájàpá: wọn kò la títì, wọn kò ra ọkọ̀, wọn kò sì kọ́ ọjà. Ọ̀nà tí ẹlòmíràn là ni wọ́n gbà, wọ́n sì jèrè.

Bóyá ẹ ó sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a wo ti òde òní. Ní 2006, Linda Ikeji, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìròyìn sórí Blogspot, ààyè tí Google fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò ní láti kọ ètò kọ̀ǹpútà kankan. Nígbà tí àwọn òǹkàwé pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn olówò gbé ìpolówó wá, ó sì di olówó. Ní Ilé-Ifẹ̀, nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa níhìn-ín, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá Jobberman sílẹ̀ ní 2009, nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀. Ibi tí àwọn tí ń wá iṣẹ́ àti àwọn tí ń wá òṣìṣẹ́ ti ń pàdé ni. Ọ̀kan nínú wọn, Ayọ̀dèjì Adéwùnmí, ìmọ̀ ìṣègùn ni ó ń kọ́. Ohun tí ẹnì kan kò mọ̀, ẹnì kejì mọ̀ ọ́n. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Báwo wá ni ọmọ wa ní Ilé-Ogbó yóò ti ṣe é?

Èkíní, kí ó wá ẹni tí yóò sanwó, kí ó má wá ẹni tí yóò yìn ín. Ẹni tí ó ní "Ọjà yìí dára o" kò tíì rà á. Kí ó ya àwòrán epo náà nínú ìmọ́lẹ̀ ọjọ́, kí ó kọ iye rẹ̀ sí i, kí ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ìlú àti àwọn tí wọ́n jọ lọ sí ilé-ìwé. Bí ènìyàn 30 bá rí i tí ẹnì kan kò rà, kì í ṣe wẹ́bsáìtì ni ó kù. Kí ó bi wọ́n léèrè: ṣé iye ni, ṣé ike ni, àbí ìgbẹ́kẹ̀lé? Ìdáhùn wọn kò ná an ní kọ́bọ̀, ó sì lè gba owó àjọ ìyá rẹ̀ là.

Èkejì, kí ó lo irinṣẹ́ tí ó ti wà nílẹ̀. Láti 2018 ni WhatsApp Business ti wà fún àwọn olówò. Ọ̀fẹ́ ni, a lè to àwòrán ọjà àti iye wọn sínú rẹ̀ bí ẹni pàtẹ. Google Forms náà ń bẹ, tí oníbàárà yóò kọ orúkọ rẹ̀, iye tí ó fẹ́ àti ibi tí ó ń gbé sí, tí gbogbo rẹ̀ yóò sì to ara rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ní ti owó, àkáǹtì báńkì tó. Bí ó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, Paystack, tí Ṣọlá Akínlàdé àti Ezra Olúbí dá sílẹ̀ ní 2015, ń jẹ́ kí a ṣí ojú-ewé ìsanwó láìkọ ètò kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ẹ má ṣe gbé ọjà sílẹ̀ nítorí àwòrán tí oníbàárà fi hàn yín pé òun ti sanwó. Ẹ wo inú àkáǹtì yín fúnra yín. Ọ̀pọ̀ olówò ni wọ́n ti fi àwòrán ayédèrú lù ní jìbìtì.

Ẹ̀kẹta, ìṣirò. Ẹ jẹ́ kí a fi owó ṣe àpẹẹrẹ. Bí epo inú ike kan bá jẹ́ ₦8,000, tí ike jẹ́ ₦400, tí owó ọkọ̀ jẹ́ ₦1,200, tí dátà àti owó báńkì jẹ́ ₦200, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦9,800. Bí ó bá tà á ní ₦10,000, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦200. Bí ó bá wá fi ike 50 ránṣẹ́, tí ẹyọ kan ṣoṣo fọ́ sínú ọkọ̀, tí ó sì dá owó olówó padà, ₦9,800 ti lọ. Èrè orí ike 49 tó kù náà sì jẹ́ ₦9,800 géérégé. Gbogbo làálàá náà di òfo! Ẹ rí i pé ike tí ó nípọn àti ìdérí tí kò jò ṣe pàtàkì fún òwò yìí ju wẹ́bsáìtì tí ó rẹwà lọ. Kò sí ètò kọ̀ǹpútà tí yóò kọ́ni ní èyí. Ìwé kékeré tí a ń kọ owó sí ni yóò kọ́ni.

Ẹ̀kẹrin, òfin àti orúkọ rere. Bí òwò bá ti ń rìn, kí ó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC. Oúnjẹ tí a dì, tí a sì lẹ orúkọ mọ́ fún títà, ọ̀ràn NAFDAC ni. Kí ó lọ bi wọ́n léèrè kó tó di pé wọ́n wá bi í. Kí ó má sì fi nọ́ńbà àwọn oníbàárà tọrẹ, nítorí òfin ìdáàbòbò dátà ti jáde ní Nàìjíríà ní 2023. Lékè gbogbo rẹ̀, ọjọ́ tí ó bá bu omi tàbí àwọ̀ sí epo ni òwò náà kú.

Ìgbà wo wá ni wẹ́bsáìtì yá? Ìgbà tí ọwọ́ kò bá ká iṣẹ́ mọ́, tí ó ń dáhùn ìbéèrè kan náà nígbà 30 lóòjọ́. Nígbà náà, WordPress wà, tí ó ti bẹ̀rẹ̀ láti 2003. Láti ìgbà tí ChatGPT sì ti jáde ní oṣù kọkànlá 2022, ẹ̀rọ lè bá ènìyàn kọ ètò kọ̀ǹpútà bí a bá ṣàlàyé ohun tí a fẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n a máa ṣìṣe, nítorí náà kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó gba ibẹ̀ kọjá. Ìwó kò jìnnà, Yunifásítì Bowen sì ti wà níbẹ̀ láti 2002. Ọmọ tí ń kọ́ kọ̀ǹpútà kò ṣòro láti rí. Bí ẹ bá gba ènìyàn síṣẹ́, ẹ má san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan. Kí orúkọ wẹ́bsáìtì náà wà lórúkọ yín, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín. Ẹni tí ó kọ́lé fún wa kò gbọdọ̀ di onílé.

Nítorí náà, kí ìyá mú díẹ̀ nínú owó àjọ náà ra epo àti ike tí ó dára, kí ó sì tọ́jú ìyókù. Bí epo bá lè rìn dé Èkó, ọmọ lè dúró sílé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ẹ̀yin ará mi, oókan ni a sì ti ń ka eéjì. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń rò ó láti ọjọ́ yìí wá, ẹ ya àwòrán kan lọ́la, ẹ kọ iye sí i, ẹ fi han ènìyàn mẹ́wàá. Ó dìgbóṣe o.