Ọ̀rọ̀ Lórí Títún Kẹ̀kẹ́ Ọmọ Àtijọ́ Ṣe
(Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Lọ́ńdọ̀nù sọ níbi ìpàdé ọdọọdún nílé)

Nígbà tí akọ̀wé kọ̀wé sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí a fi ń gbádùn ara wa lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, a kọ́kọ́ fà sẹ́yìn. A mọ̀ pé bí a bá dárúkọ rẹ̀, ẹ̀rín ni ẹ óò fi pàdé rẹ̀. Àwa tí ìyá pọ̀n dàgbà, tí a mọ ọ̀já kí a tó mọ bàtà, kí ni ó pa wá pọ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ ọmọ òyìnbó? Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé láti ọdún méje sẹ́yìn, àwa mẹ́fà, ọkùnrin mẹ́rin àti obìnrin méjì, tí púpọ̀ nínú wa ti fẹ̀yìn tì, ni a ń pàdé ní ọjọ́ Sátidé nínú gáréèjì ọ̀kan nínú wa, tí a ń tún kẹ̀kẹ́ ọmọ àtijọ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe àlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kò tí ì fojú kan irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń ká pọ̀ bí agboòrùn, tí àwọn ìyá òde òní ń gbé wọ bọ́ọ̀sì, ni a ń wí. Èyí nì, Owen Maclaren, ẹni tí ó ti lọ́wọ́ nínú ṣíṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú ogun tí wọ́n ń pè ní Spitfire, ni ó pilẹ̀ rẹ̀ ní 1965, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju páùn mẹ́fà lọ. Ti àtijọ́ tí à ń wí yìí wúwo. Ara rẹ̀ rí bí ọkọ̀ ojú omi kékeré. Pákó tín-ínrín tí a tẹ̀, tàbí irin pẹlẹbẹ, ni a fi ṣe é, a sì kùn ún ní ọ̀dà lé ọ̀dà títí yóò fi máa dán bí dígí. Ó ní ìbòrí tí a lè gbé sókè bí òjò bá ń rọ̀, tí a sì lè ká sẹ́yìn bí oòrùn bá yọ. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó wù wá jù wà nísàlẹ̀. Ara kẹ̀kẹ́ náà kò jókòó lé irin tí ó so ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Awọ mẹ́rin ni a fi so ó rọ̀ mọ́ àwọn sípíríǹgì tí ó tẹ̀ bí ọrun, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá tì í gba orí òkúta kọjá, ẹsẹ̀ ni yóò gbọ̀n. Ọmọ inú rẹ̀ yóò kàn máa mì lẹ́lẹ́, bí ẹni pé ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ó wà. Ìgbà tí a rí èyí ni àwa pàápàá dẹ́kun ẹ̀rín.

Àwọn ọlọ́lá ni ó kọ́kọ́ ni ín. Ní 1733, William Kent, ayàwòrán ilé, ṣe ọ̀kan fún àwọn ọmọ Duke ti Devonshire, ewúrẹ́ tàbí ẹṣin kékeré ni yóò sì máa fà á. Ẹ rò ó wò: ewúrẹ́! Ó pẹ́ kí ó tó di ohun tí ìyá ń tì láti ẹ̀yìn. Ní 1877 ni William Wilson dá iṣẹ́ Silver Cross sílẹ̀ ní Hunslet ní ìlú Leeds. Iṣẹ́ náà ṣí lọ sí Guiseley ní 1936, ibẹ̀ ni ó sì wà títí a fi ti ilé iṣẹ́ náà pa ní 2002, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà ṣì wà lọ́jà. Marmet ní Letchworth àti Pedigree ti àwọn Lines Brothers náà kò kéré. Lẹ́yìn ogun tí ó parí ní 1945, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí òpópónà kan ní ìlú Ọba tí kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí kì í tò sí níwájú ilé ìtajà, tọmọtọmọ, tí ìyá yóò sì wà nínú ilé tí yóò máa ra búrẹ́dì. Àwọn ìyá tiwa tí ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ rí èyí, ẹ̀rù sì bà wọ́n gidigidi.

Níbí ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ ìtàn yìí, bí a kò tilẹ̀ fẹ́ràn láti máa sọ ọ́ ní gbangba. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, àwọn òbí wa lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Ọba. Baba ń ka òfin, ìyá ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán, ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní alẹ́. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé, onílé sì ti wí pé òun kò fẹ́ ọmọdé. Kò sí ìyá àgbà tí yóò gba ọmọ mọ́ra. Ni wọ́n bá ń kéde nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá ẹni tí yóò bá àwọn tọ́ ọmọ, àwọn ìdílé òyìnbó ní Kent, ní Sussex àti ní àgbègbè mìíràn sì ń gba ọmọ náà sọ́dọ̀ fún owó ọ̀sẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ wa tí a tọ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Nínú ẹrù tí ó bá ọmọ lọ, kẹ̀kẹ́ yìí ni ó tóbi jù.

Ní ti iṣẹ́ náà, bí kẹ̀kẹ́ bá dé ọ̀dọ̀ wa, a kì í tú u ní ọjọ́ náà. A ó ya àwòrán rẹ̀ níhà gbogbo, nítorí ẹni tí ó bá tú u láì ya àwòrán yóò tò ó tán, yóò sì rí súkúrù mẹ́ta nílẹ̀ tí kò mọ ibi tí ó ti wá. Irin dídán tí ó ti dípẹtà, a kì í fi ohun mímú ha á. Bébà alumíníọ́mù tí àwọn obìnrin fi ń we ẹran kí wọ́n tó gbé e sínú ààrò ni a ń rún lọ́wọ́, tí a ń rì bọ omi, tí a fi ń rọra ra irin náà. Ó rọ̀ ju kúróómù lọ, nítorí náà ó ń kó ìpẹtà láì ha ojú irin. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀ kí a tó bí ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe kúróómù.

Awọ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá jù. Awọ àtijọ́ lè dára lójú, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ ẹ́ tí ó sì sán, a kì í dúró de ọjọ́ tí yóò já; pípààrọ̀ ni. Ní ọdún kan tí ọ̀kan nínú wa wá sílé, ó mú ìwọ̀n awọ náà lọ bá oníṣẹ́ awọ kan ní Ọ̀yọ́. Ọkùnrin náà wò ó títí, ó bèèrè pé ẹṣin wo ni ó kéré tó báyìí. Àwọn mẹ́rin tí ó gé láti ara awọ màlúù ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di òní. Ìbòrí ńkọ́? Bí a bá ń gbé kẹ̀kẹ́ pamọ́, kò yẹ kí ìbòrí wà ní kíká, nítorí ibi tí ó bá ká sí ni yóò ti ya. Ní ṣíṣí ni kí a fi í sílẹ̀. Ọ̀dà àtijọ́ sì lè ní òjé nínú, májèlé sì ni òjé fún ọmọdé. Nítorí náà omi ni a fi ń rin ín kí a tó fi bébà oníyanrìn ha á, a ń bo imú wa, a kì í sì í jẹ́ kí ọmọ-ọmọ wa kankan wọ gáréèjì ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. A kì í gbé ọmọ sínú kẹ̀kẹ́ tí a tún ṣe. Wíwò ni ó wà fún.

Kẹ̀kẹ́ kìíní tí a ṣe, ìtìjú ni. A kánjú, a kun ọ̀dà lé ìpẹtà lórí, kí ìgbà òtútù tó kọjá ìpẹtà náà ti yọ jáde. Èyí tí ó burú jù ni pé a ti ha àmì ẹni tí ó ṣe é kúrò, pẹ̀lú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí oníṣẹ́ kan fi ọwọ́ lásán fà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A rò pé a ti kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀.

Nígbà òtútù ọdún 2023, ọmọ ìlú wa kan gbé kẹ̀kẹ́ kan wá láti inú ahéré ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀. Àlòkù ni ìyá náà rà á ní 1963, nígbà tí wọ́n bí i. Ó fẹ́ kí a ṣe é bí ìgbà tí ó jáde láti ilé iṣẹ́, kí òun lè fi ya ìyá òun lẹ́nu ní ọjọ́ ìbí wọn. Òun ni ó ra ọ̀dà. A bẹ̀rẹ̀. Lára etí igi rẹ̀, ní ọ̀tún àti ní òsì, a rí àpá kéékèèké, méjìméjì. Ọ̀kan nínú wa ní eku ni ó jẹ ẹ́. A ti fi bébà oníyanrìn ha ìhà òsì mọ́lẹ̀ tán kí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wa, tí ó ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún púpọ̀, tó fi ìka kan ìhà ọ̀tún. Ó ní, “Eku kì í jẹ igi báyìí. Eyín ọmọ ni.”

A gbé iṣẹ́ sílẹ̀, àríyànjiyàn sì bẹ́. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ẹni tí ó gbé iṣẹ́ wá ni kí a tẹ̀ lé. Àwọn kan ní kẹ̀kẹ́ kì í ṣe tirẹ̀, ti ìyá rẹ̀ ni. Níkẹyìn a tú àṣírí náà, a lọ bá ìyá. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá wí pé: “Oṣù mẹ́rin ni ó wà nígbà tí mo gbé e lọ sí etí òkun ní Kent. Kò ní eyín. Ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ sọ pé bí mo bá ń wá, ọmọ kì í sùn, nítorí náà n kò lọ mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí mo tún rí i, eyín rẹ̀ ti di mẹ́fà. Kò sí ẹni tí ó sọ ọjọ́ tí àkọ́kọ́ yọ fún mi. Ara igi yẹn ni mo ti ń kà á.”

A jẹ́wọ́ ohun tí a ti ṣe. Wọ́n bèèrè pé ìhà wo ni. A ní òsì ni. Wọ́n ní, “Ó dára. Ó ku ọ̀tún.”

Inú ọmọ náà kò dùn nígbà tí a sọ fún un. Ó ní òun kò fẹ́ ohunkóhun tí yóò rán òun létí ilé etí òkun náà. Ìdí nìyẹn tí òun fi ní kí a ṣe é bí tuntun. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó mú un padà wálé, ó ti ń pe obìnrin mìíràn ní ìyá, kò sì gbọ́ Yorùbá kan. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá tí a kò gbúròó rẹ̀, a sì rò pé a ti ba nǹkan jẹ́ láàárín ìyá àti ọmọ. Ní ọjọ́ Sátidé kẹta ó pè wá lórí tẹlifóònù, ó ní kí a fi ọ̀tún sílẹ̀.

A kun òsì pọ̀ mọ́ ara yòókù. Ní ọ̀tún, fáníìṣì tí kò ní àwọ̀ nìkan ni a fi kùn ún, kí omi má ṣe wọ inú igi. Ní ọjọ́ tí a gbé e lọ, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ẹni ọgọ́ta ọdún, ó wo etí igi náà títí. Ó ní, “Ṣé èmi ni mo jẹ igi tó báyìí?”

Ìyá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ebi kò pa ọ́. Eyín ni.”

Kẹ̀kẹ́ náà wà nínú yàrá wọn lónìí, lẹ́bàá fèrèsé. Ìbòrí rẹ̀ wà ní ṣíṣí, gẹ́gẹ́ bí a ti sọ fún wọn.