Ṣé Okùn Ni Ọmọ Mi Yóò Jẹ? Ẹ̀kọ́ Àfọwọ́ṣe fún Àwọn Ọmọ Òrukàn Wa Nínú Ẹgbẹ́ Sikáòtù

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn olùtọrẹ sọ níbi ìpàdé wa ní Bódìjà, Ìbàdàn

  



Ìbéèrè kan ni ó gbé wa dìde lónìí. Ọ̀kan nínú àwọn opó tí ẹgbẹ́ wa ń ràn lọ́wọ́ ni ó bi wá. Ó wá gba ìrẹsì lọ́jọ́ Sátidé kan, ó bá ọmọ rẹ̀ lórí koríko níbi tí ó ti ń ta okùn ní kókó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wò ó títí, ó ní, "Alájì, ṣé okùn ni ọmọ mi yóò jẹ?" Gbogbo wa tí a wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa. Ìbéèrè gidi ni, ẹ̀yin tí ẹ ń yọ owó yín sílẹ̀ náà sì ní ẹ̀tọ́ láti bi wá. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ro ẹjọ́ wa níwájú yín.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí a ti ń ṣe bọ̀. A ń san owó ilé-ìwé, a ń rán aṣọ, a ń pín oúnjẹ nínú oṣù Ramadan. Iṣẹ́ rere ni, a kò sì ní dá a dúró, inshaa Allahu. Ṣùgbọ́n a ṣe àkíyèsí ohun kan tí ó dùn wá. A lọ kí ìdílé kan nílé wọn. A kò mú nǹkan kan dání lọ́jọ́ náà, kíkí lásán ni a lọ kí wọn. Bí a ti wọlé, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ tí ó wà níbẹ̀ kúnlẹ̀, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí wa. Kò tí ì kí wa tán. Àwa ni a kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ó bá ti rí wa, gbígbà ni ó máa ń gbà. A kò bi í rí pé kí ni ó lè fi ọwọ́ méjèèjì yẹn ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ẹ̀sìn wa sọ. Nínú Súrátù Nisáì, ayah kẹfà, Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún àwọn alágbàtọ́ pé kí wọ́n máa dán àwọn ọmọ òrukàn wò títí wọn yóò fi bàlágà, àti pé bí wọ́n bá ti rí làákàyè lára wọn, kí wọ́n kó dúkìá wọn lé wọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé ọ̀nà tí a ń gbà dán ọmọ wò ni pé kí a fi nǹkan díẹ̀ sí i lọ́wọ́, kí ó fi rà, kí ó fi tà, kí ó ṣe é níṣojú wa, kí a sì máa tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ kíyè sí i dáadáa: kí a tó fi nǹkan lé ọmọ òrukàn lọ́wọ́, ọwọ́ náà gbọ́dọ̀ ti kọ́ṣẹ́.

Ànábì wa fúnra rẹ̀, ọmọ òrukàn ni. Bàbá rẹ̀ ti kú kí a tó bí i, ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, bàbá-bàbá rẹ̀ kú nígbà tí ó pé ọdún mẹ́jọ. Hadiisi inú Bukhari sì fi yé wa pé ó da àgùntàn fún àwọn ará Mẹ́kà, ó sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ òrukàn tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù lọ kò dàgbà lórí ọrẹ nìkan.

Ohun tí ó mú wa ronú kan ẹgbẹ́ Sikáòtù nìyí. Ọdún 1907 ni Baden-Powell, ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó nǹkan bí ogún ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea, tí ó pa ọmọ olówó àti ọmọ òṣìṣẹ́ pọ̀ nínú àgọ́ kan náà. Ní ọdún 1915 ẹgbẹ́ náà dé Nàìjíríà. Ní ọdún 1916 ni wọ́n dá apá tí ó wà fún àwọn ọmọ kéékèèké sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní Cub. Ọgbọ́n tí wọ́n gbé ẹgbẹ́ náà lé ni pé ṣíṣe ni ọmọdé fi ń mọ nǹkan. Wọn a pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ kéékèèké, ọmọ mẹ́fà-mẹ́fà, ọmọ kan a sì ṣe aṣáájú wọn. Ohun tí olùkọ́ ìbá sọ fún wákàtí kan, wọn a fi ọwọ́ ara wọn ṣe é.

Ẹ̀kọ́ báyìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní ilé kéwú àtijọ́, ọmọ ni ó ń fọ wàláà rẹ̀, tí ó ń po tàdáà, tí ó ń gé kálàmù rẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí àwọn ọmọ wa, láti ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́wàá, ń ṣe ní àràárọ̀ Sátidé.

Èkínní ni omi àlùwàlá. Hadiisi fi hàn pé mudu omi kan, tí kò tó lítà kan, ni Ànábì máa ń fi ṣe àlùwàlá. A wá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní omi ìgò 75cl kan, a ní kí ó fi ṣe é. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, omi ọ̀pọ̀ wọn tán kí wọ́n tó dé ẹsẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, omi ń ṣẹ́kù, wọ́n sì ń fi ìyókù bomi rin ewébẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra omi ní ìlú Ìbàdàn yìí, ẹ mọ iye tí ẹ̀kọ́ yẹn tó.

Ẹ̀kejì ni igi òjìji. A ó ri igi kan mọ́lẹ̀ lóòró, a ó fi òkúta sí ibi tí orí òjìji rẹ̀ dé. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, òjìji á ti sún, a ó sì fi òkúta kejì síbi tí ó sún dé. Ìlà láti òkúta kìíní dé ìkejì kọjú sí ìlà-oòrùn. Láti ibẹ̀ ni a ti ń wá Kíbílà, nítorí láti Ìbàdàn, Mẹ́kà wà láàrin àríwá àti ìlà-oòrùn, ó sún mọ́ ìlà-oòrùn jù. Lórí kọ́ḿpáàsì, nǹkan bí ìwọ̀n 64 ni láti àríwá. Igi kan náà ni a fi ń mọ àkókò ìrun: bí òjìji bá ti kúrú dé ìpẹ̀kun tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn padà, Àìlà ti wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, oòrùn máa ń wà ní àárín orí gan-an ní Ìbàdàn, tí igi náà kò fi ní ní òjìji kan tí ó ṣe é wò lọ́sàn-án gangan. Ọmọ tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí èyí kò ní gbàgbé.

Ẹ̀kẹta ni irúgbìn. A gbin ewédú sínú agolo méjì. Àgbàlagbà kan da omi gbígbóná sórí irúgbìn agolo kan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí a tó gbìn ín, ti èkejì kò rí omi gbígbóná. Èyí tí ó rí omi gbígbóná ni ó hù dáadáa, nítorí èèpo irúgbìn ewédú le. Àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n láti ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà ni wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ìdí rẹ̀ fún wa.

Ẹ̀kẹrin ni òṣùwọ̀n. Sáà kan tí a ń yọ fún Sàká ìtúnu ààwẹ̀, ìkúnwọ́ méjì àgbàlagbà ni, lọ́nà mẹ́rin. A ní kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ tiwọn bù ú, kí wọ́n ka iye ìgbà tí yóò gbà kí ó tó kún ohun tí àgbàlagbà bù. Iye náà pọ̀ ju mẹ́rin lọ, wọ́n sì rí i pé ọwọ́ ẹnìkan kò dọ́gba pẹ̀lú ti ẹlòmíràn, pé ìdí nìyí tí a fi ń lo òṣùwọ̀n kan náà. Nígbà tí ọdún ìtúnu ààwẹ̀ sún mọ́lé, àwọn ọmọ tí ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wa ni wọ́n bá wa wọn àgbàdo àti ìrẹsì fún àwọn ẹlòmíràn. Ọmọkùnrin tí ó na ọwọ́ méjèèjì sí wa nílé wà lára wọn. Lọ́jọ́ yẹn, òun ni ó ń bù fún ènìyàn.

Ẹ̀karùn-ún ni okùn tí ìyá náà bá ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀tún lórí òsì, lẹ́yìn náà òsì lórí ọ̀tún: kókó náà a tẹ́ pẹrẹsẹ, kì í gún ènìyàn lára, a sì ṣe é tú. Òun ni a fi ń di ọgbẹ́. Bí ọmọ bá ṣe ọ̀tún lórí òsì lẹ́ẹ̀mejì, kókó a wọ́, a sì yọ́. Okùn fúnra rẹ̀ a sọ fún un pé ó ti ṣe àṣìṣe, láìsí pé ẹnìkan nà án.

Ẹ̀kẹfà ni ìtọ́jú pàjáwìrì. A ń kọ́ wọn pé bí iná tàbí omi gbígbóná bá jó ènìyàn, omi tútù tí ń ṣàn ni kí a máa dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú, kí a má fi epo pupa, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín kàn án, kí a sì wá dókítà. A ń jẹ́ kí wọ́n mọ nọ́ńbà fóònù alágbàtọ́ wọn sórí, àti 112 tí a ń pè bí ewu bá dé. Gbogbo wa rántí alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024, nígbà tí ohun abúgbàù bú ní Bódìjà Àtijọ́, tí ẹ̀mí lọ, tí ilé wó. Lálẹ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ó bá mọ nọ́ńbà ilé rẹ̀ yóò tètè padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan ní iyèméjì. Àwọn kan ní ẹgbẹ́ òyìnbó ni. Ẹ̀jẹ́ Sikáòtù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojúṣe ọmọ sí Ọlọ́hun, oníkálukú sì ń jẹ́ ẹ nínú ẹ̀sìn tirẹ̀. Ẹ̀yin Alájì tí ẹ ti dé Mínà, ẹ rí àwọn ọ̀dọ́ Sikáòtù ilẹ̀ Saudi tí wọ́n ń mú àwọn tí ó ṣìnà padà sí àgọ́ wọn. Ní tiwa, a kì í fi ìrun jáfara, àwọn ọmọbìnrin wa ń wọ híjáàbù wọn, àwọn ìyá wa sì ni ó ń bójú tó wọn. Àgbàlagbà kan kì í dá wà pẹ̀lú ọmọ. Méjì ni ó kéré jù. A kì í sì í ya fọ́tò wọn fún ìpolówó.

Ẹlòmíràn lè bèèrè bóyá owó Sàká ni a fi ra okùn. Rárá o. Ẹni mẹ́jọ ni Ọlọ́hun pín Sàká fún nínú Súrátù Taobah, ayah 60. A kò dárúkọ ọmọ òrukàn nínú wọn. Bí ó bá jẹ́ tálákà, ọ̀nà òṣì ni ó gbà wọlé, ìrẹsì àti owó ilé-ìwé rẹ̀ sì ń ti ibẹ̀ wá. Owó sàárà ni a fi ra okùn, agolo àti irúgbìn, inú ìwé ọ̀tọ̀ ni a sì ń kọ ọ́ sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo ìwé náà, ó wà lárọ̀ọ́wọ́tó yín.

Ẹ gbọ́ èyí kí a tó jókòó. Ọmọbìnrin wa kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wà nílé pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ nígbà tí omi àmàlà dànù sí ọmọ náà lápá. Aládùúgbò sáré gbé epo pupa wá. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fi epo sí i, omi ni wọ́n ní kí á dà sí i." Ó ń bu omi lé e títí ìyá wọn fi dé, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù. Apá náà ti jinná, alhamdulillahi. Ìyá wọn ni opó tí ó bi wá léèrè nípa okùn. Kò tún bi wá mọ́. Ó wá lọ́jọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, ó ní òun mọ aṣọ rán, kí a fún òun ní ohun tí òun yóò kọ́ àwọn ọmọ.

Ohun tí a ń tọrọ lọ́wọ́ yín nìyẹn pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá lè fi owó ṣe é, kí ó fi owó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin káfíńtà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń tajà lọ́jà Bódìjà, ẹ fún wa ní Sátidé kan ṣoṣo nínú oṣù. Ànábì ti na ìka rẹ̀ méjì, ó fi ṣàpèjúwe bí òun àti ẹni tí ó gbọ́ bùkátà ọmọ òrukàn yóò ṣe súnmọ́ ara wọn tó ní ọgbà ìdẹ̀ra. Àwọn ọmọ yìí ń retí ìka tiyín náà lórí okùn.

Kí Ọlọ́hun gba iṣẹ́ wa, kí ó ṣàánú àwọn bàbá tí ó ti lọ, kí ó má jẹ́ kí a fi ọmọ wọn sílẹ̀ láìkọ́. Àmín.

Wasalamu alaykum warahmatullahi wabarakatuhu.